Ta Ló Gbé Ṣòkòtò Noros Dé Greenland? Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Omi Òkun Lábẹ́ Yìnyín

Ní oṣù kẹfà ọdún 1884, àwọn kan rí ẹrù tó fọ́n ká lórí yìnyín tó ń léfòó bọ̀ létí Greenland, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, nítòsí ìlú tí wọ́n ń pè ní Julianehåb nígbà náà. Ṣòkòtò òjò kan wà lára ẹrù ọ̀hún, orúkọ ẹni tó ni ín sì wà lára rẹ̀: Louis Noros. Ìwé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí wọ́n to oúnjẹ ọkọ̀ sí, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń jẹ́ De Long ló fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ De Long ni Jeannette, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó wá ọ̀nà ìpẹ̀kun àríwá ayé lọ ní ọdún 1879. Yìnyín ká a mọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó gbé e kiri fún ọdún méjì ó dín díẹ̀, ó sì fún un títí ó fi fọ́ tó rì lókè Siberia ní oṣù kẹfà ọdún 1881. Èèyàn 33 ló wà nínú rẹ̀. 20 nínú wọn ni kò padà sílé, De Long náà wà lára wọn. Noros padà sílé. Ṣòkòtò rẹ̀ ni kò bá a lọ. Ó gba òdìkejì òkun, ó sì fi ọdún mẹ́ta rin ìrìn tí ọkọ̀ kankan kò tíì rìn rí, kò ní àjẹ̀, kò ní ìgbòkun.

Ta ló gbé e?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó tì lónìí. Ẹ máa ń gbọ́ nínú ìròyìn pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ ẹ̀rọ kan sínú òkun yìnyín, pé ẹ̀rọ náà ń bá omi lọ, ó ń ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì ti mọ ibi tí omi òkun ń ṣàn sí. Ó dà bí ohun tí ọmọdé lè ṣe: ju ewé sódò, wo ibi tí ewé gbà lọ, o ti mọ ọ̀nà tí odò ń tọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sétí ọ̀sà rí yóò ti rí ojú oró tó ń lọ sápá kan nígbà tí omi ń lọ sápá kejì, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń tì í. Ojú oró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá lékè omi, afẹ́fẹ́ ní ìpín nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó gba ẹ̀rí ohunkóhun tó ń léfòó, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í pé: ta ló ń gbé ọ lọ? Ṣé afẹ́fẹ́ ni, ṣé yìnyín ni, àbí omi fúnra rẹ̀? Ẹni tí kò bá bèèrè yóò pe ìrìn afẹ́fẹ́ ní ìrìn omi, yóò sì ya àwòrán òkun tí kò sí níbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí a tètè mú ohun kan kúrò lọ́nà: ìpẹ̀kun ayé méjèèjì kò jọra. Ní àríwá, òkun ló wà láàárín, ilẹ̀ ló yí i ká: Russia, Norway, Greenland, Canada, Alaska. Òkun Árktìkì nìyẹn. Yìnyín tó bò ó lójú kì í ṣe òkè, kì í sì í ṣe ilẹ̀; omi òkun fúnra rẹ̀ ló dì, kò sábà nípọn ju mítà díẹ̀ lọ, kì í sì í dúró lójú kan. Ní gúúsù ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ Antárktìkà ló wà láàárín, òkun ló yí i ká. Ibi tí ṣòkòtò Noros ti rin ìrìn rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Norway kan, Henrik Mohn, ló kọ ọ́ síwèé ní ọdún 1884 pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ẹrù Jeannette lè gbà dé Greenland ju pé kó gba àárín Òkun Árktìkì kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka ohun tó kọ, Fridtjof Nansen lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí yìnyín bá lè gbé ṣòkòtò, ó lè gbé ọkọ̀. Gbogbo àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ̀ ló bá yìnyín jà, yìnyín sì borí wọn. Òun fẹ́ kan ọkọ̀ tí yìnyín kò ní lè fọ́, kó wà á lọ síbi tí Jeannette ti rì, kó jẹ́ kí yìnyín dì mọ́ ọn, kó sì jókòó sínú rẹ̀ títí tí yóò fi gbé e dé òdìkejì. Àwọn àgbà arìnrìn-àjò òkun kan sọ pé ikú ló ń wá kiri.

Colin Archer ló kan ọkọ̀ náà fún un, Fram lorúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí roboto bí igbá, tó fi jẹ́ pé bí yìnyín bá fún un, ńṣe ni yóò yọ́ sókè bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1893, yìnyín dì mọ́ ọn lókè Siberia pẹ̀lú ọkùnrin 13 nínú rẹ̀. Ìrìn náà kò lọ tààrà. Nígbà mìíràn ó lọ síwájú ó tún padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi dúró sójú kan. Ara Nansen kò gbà á mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1895, òun àti Hjalmar Johansen sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ajá, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín dé dígírì 86 àti ìṣẹ́jú 14 lápá àríwá (90 ni ìpẹ̀kun àríwá ayé gan-an), ibi tí ọmọ èèyàn kankan kò tíì dé rí ní àkọsílẹ̀ ìgbà yẹn. Wọn kò bá ọkọ̀ wọn pàdé mọ́ àfi ní Norway. Fram ń bá tirẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, yìnyín tú u sílẹ̀ nítòsí Svalbard, àwọn erékùṣù kan lókè Norway, láìfọ́. Mohn ti sọ òótọ́.

Mo fẹ́ràn ìtàn náà fún ìgboyà rẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ lójoojúmọ́ ló jẹ mí lógún jù. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ìkíní, òkun náà jìn. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé omi tí kò jìn ni, okùn tí Nansen sì mú wá láti fi wọn ìjìnlẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní láti tú ọ̀kan nínú àwọn wáyà irin ọkọ̀ sí fọ́nrán-fọ́nrán kí wọ́n lè so okùn tuntun. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ti ju mítà 3,000 lọ. Ìkejì, lábẹ́ omi tútù tó wà lókè, omi mìíràn wà tó gbóná jù ú lọ. Omi Àtìláńtíìkì ni, tó ti etí Norway wọ abẹ́ yìnyín. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó wúwo, tó fi wà nísàlẹ̀ láìfọwọ́ kan yìnyín. Ìkẹta ni èyí tó dáhùn ìbéèrè wa: yìnyín kì í lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó máa ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún afẹ́fẹ́, ní bíi dígírì 20 sí 40.

Ìkẹta yìí yà Nansen lẹ́nu. Ó fura pé yíyí tí ayé ń yí ló fà á, àmọ́ ó fẹ́ kí ẹnì kan fi ìṣirò hàn án. Ọ̀dọ́ ará Sweden kan, Vagn Walfrid Ekman, ló ṣe ìṣirò ọ̀hún, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1905. Bó ṣe rí nìyí. Ní apá àríwá ayé, ohunkóhun tó bá ń rìn jìnnà lórí ayé tó ń yí yìí yóò máa yà sápá ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ ti omi òkè, omi òkè yà díẹ̀ sápá ọ̀tún. Omi òkè yẹn náà wá wọ́ omi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì tún yà ju tòkè lọ, agbára rẹ̀ sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ bí àtẹ̀gùn tó ń yí sísàlẹ̀, títí agbára afẹ́fẹ́ yóò fi tán, kì í sì í jìnnà púpọ̀ sójú omi kó tó tán. Lábẹ́ ibẹ̀, ohun mìíràn ló ń darí omi: bí iyọ̀ ṣe pọ̀ sí, bó ṣe tutù sí, bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe ga tó ṣe rẹlẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń wo yìnyín láti òkè. Afẹ́fẹ́ ń lọ sápá kan, yìnyín ń lọ sápá mìíràn, omi tó wà ní mítà 30 lábẹ́ rẹ̀ ń lọ síbòmíràn, èyí tó wà ní mítà 500 lè máa padà bọ̀ láti ibi tí gbogbo wọn ń lọ. Gbogbo wọn ni a ń pè ní òkun.

Kí rédíò tó wà lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò, ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n ju nǹkan sómi kí wọ́n máa retí. George Melville, ẹnjiníà Jeannette tó yè nínú ìjàǹbá yẹn, wà lára àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti Henry Bryant ní kí wọ́n kan àgbá 50, wọ́n sì gbé wọn sórí yìnyín lókè Alaska láàárín ọdún 1899 sí 1901. Ọ̀kan nínú wọn gúnlẹ̀ sí Iceland ní ọdún 1905. Ẹ̀rí ńlá ni pé ọ̀nà wà láti Alaska dé Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n ohun méjì péré ni àgbá mọ̀: ibi tó ti gbéra àti ibi tí wọ́n ti rí i. Kò lè sọ ìgbà tó fi dúró lójú kan, ìgbà tó fi yípo, tàbí iye oṣù tó ti fi sùn sórí iyanrìn kí apẹja kan tó kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ohun tí àgbá kò lè ṣe, èèyàn ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1937, ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn ará Soviet mẹ́rin, Ivan Papanin ni olórí wọn, sórí yìnyín nítòsí ìpẹ̀kun àríwá ayé gan-an. Wọ́n pàgọ́, wọ́n ń wọn omi, wọ́n ń fi rédíò sọ ibi tí wọ́n wà. Ní oṣù kejì ọdún 1938 ni ọkọ̀ òkun lọ gbé wọn létí Greenland, lẹ́yìn ìrìn tó lé ní kìlómítà 2,000, nígbà tí yìnyín tí wọ́n wà lórí rẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn.

Láti ọdún 1979 wá, ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á gbé àpótí kan tó ní bátìrì sórí yìnyín, tàbí kí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Á máa wọn ìgbóná àti ìwúwo afẹ́fẹ́, á sì máa ti ọwọ́ sátẹ́láìtì sọ ibi tó wà. Àjọ tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ gbé kalẹ̀ ló ń bójú tó wọn, University of Washington ní Seattle ló sì ń kó èsì wọn jọ. Bí wọ́n bá fa ìlà láti ibi tí ẹ̀rọ wà lánàá dé ibi tó wà lónìí, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán méjì ló máa ń yọ. Lókè Alaska àti Canada, yìnyín ń yí po bí ọwọ́ aago, wọ́n ń pè é ní Ìyípo Beaufort. Ẹ̀rọ tó bá kó síbẹ̀ lè máa yí fún ọdún bíi mélòó kan. Láti Siberia, ìrìn gígùn kan gba àárín òkun kọjá lọ bọ́ sáàárín Greenland àti Svalbard, níbi tí wọ́n ń pè ní Fram Strait ní ìrántí ọkọ̀ Nansen. Ọ̀nà ṣòkòtò Noros nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ Jámánì tó ń jẹ́ Polarstern tọ̀ nígbà tí wọ́n so ó mọ́ yìnyín ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, tí wọ́n sì to ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yí i ká lórí yìnyín. Kò tó ọdún kan tí yìnyín náà fi gbé wọn dé Fram Strait. Ìparí oṣù keje ọdún 2020 ló fọ́. Fram fi bí ọdún mẹ́ta rin tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí òun ti gbéra jìnnà ju ti Polarstern lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú, ó sì ti rú èmi náà lójú rí. Ìlà tí ẹ̀rọ orí yìnyín ń fà, ìrìn yìnyín ni, kì í ṣe ìrìn omi. Láti ọjọ́ kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí oṣù bá ń gorí oṣù ni ọwọ́ omi á wá máa hàn, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń yíjú padà, omi sì ní ibi tó dojú kọ.

Ẹ wo ẹ̀rọ kan tí Woods Hole Oceanographic Institution ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sí Òkun Beaufort láti ọdún 2004. Orí rẹ̀ jókòó lórí yìnyín. Wọ́n dá ihò lu yìnyín, wọ́n sọ wáyà gígùn kan sínú omi, ó gùn tó mítà 700 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú irin wúwo ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn wà lára wáyà náà tó ń gùn ún sókè sódò bí adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ, ó ń wọn iyọ̀ àti ìgbóná omi bó ti ń lọ. Ohun tó bá rí, yóò fi ránṣẹ́ sí orí yìnyín, orí yìnyín á fi ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Iṣẹ́ ribiribi ni. Omi gbígbóná tí Nansen fi okùn àti ìgò wá rí, ẹ̀rọ yìí ń rí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n yìnyín ló so mọ́. Omi tó ń wọ̀n lónìí kì í ṣe omi tó wọ̀n lánàá. Yìnyín ti wọ́ ọ kọjá sórí omi mìíràn. Bí a bá fẹ́ kó sọ bí omi ṣe ń sáré sí, a ní láti fi ẹ̀rọ tó ń wọn eré omi sí i lára, kí a wá yọ eré yìnyín kúrò nínú ohun tó bá kà. Bí ẹni tó wà nínú mọ́tò tó fẹ́ mọ eré mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni: àfi kó kọ́kọ́ mọ eré tirẹ̀.

Níbi tí yìnyín kò ti sí, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń léfòó lójú omi gan-an. Òun ló jọ ewé inú odò jù lọ, afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i wù mí: wọ́n so àpò aṣọ gígùn kan tó rí bí ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n dá ihò sára àpò náà, ó sì wà ní nǹkan bíi mítà 15 nísàlẹ̀. Orí kékeré ló wà lókè fún afẹ́fẹ́ láti tì, àpò ńlá ló wà nísàlẹ̀ fún omi láti dì mú. Omi borí. Bí ìgbì bá wá fà á já, ẹ̀rọ náà á di ti afẹ́fẹ́ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣì máa ránṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ láti mọ ọjọ́ tí àpò já, kí wọ́n má bàa ka ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ omi.

Ó ku ibú. Bí a bá fẹ́ ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè fọwọ́ kàn rárá, àfi kó rì, ṣùgbọ́n kó má rì dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ Argo nìyẹn. Láti ìparí ọ̀rúndún tó kọjá ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń pawọ́ pọ̀ jù wọ́n sómi, nǹkan bíi 4,000 ló sì wà káàkiri òkun ayé báyìí. Irin roboto tó gùn tó èèyàn ni, kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń wà á. Ohun tó ń gbé e lọ sókè sódò ni òróró. Ẹni tó mọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́ mọ̀ pé bí òun bá fa èémí kún àyà, omi á gbé òun sókè. Bí òun bá tú èémí náà, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Bẹ́ẹ̀ ni Argo rí. Nígbà tó bá fẹ́ gòkè, á ti òróró láti inú ara rẹ̀ jáde sínú àpò rọ́bà tó wà ní ìdí rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, títóbi rẹ̀ ló yí, omi á sì gbé e. Nígbà tó bá fẹ́ rì, á fa òróró náà padà.

Á rì dé mítà 1,000, á dúró níbẹ̀ kí omi máa gbé e lọ. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá ń pé lọ, á rì dé mítà 2,000, á wá máa gòkè bọ̀, á máa wọn ìgbóná àti iyọ̀ títí dé ojú omi. Níbẹ̀ ni yóò ti bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, tí yóò mọ ibi tó wà, kó tó tún rì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ó yọ síbì kan, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó yọ síbi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní kìlómítà 40. Kìlómítà mẹ́rin lóòjọ́ nìyẹn, kò tó mítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ìjàpá lè yára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò wà ní ibú ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: nígbà tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì wà lójú omi, omi òkè tó yára jù náà gbé e díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ ibú.

Ní Èkó tàbí ní Brazil, ẹ̀rọ yìí á kàn yọrí sókè ni. Lẹ́bàá Antárktìkà, òrùlé yìnyín lè wà lórí rẹ̀. Bó bá gbá a, ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lè kán, ó sì lè há síbẹ̀ kú. Àwọn onímọ̀ Alfred Wegener Institute ní Jámánì ló kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fura. Omi òkun máa ń dì ní nǹkan bíi dígírì 1.8 lábẹ́ òdo. Bí ẹ̀rọ náà bá ń gòkè bọ̀, á wo ìgbóná omi láàárín mítà 50 sí 20. Bó bá rí i pé ó ti tutù dé 1.79 lábẹ́ òdo, yìnyín ti ní láti wà lókè. Á yí padà, á tọ́jú ohun tó ti wọ̀n sínú ara rẹ̀, á sì dúró di ìgbà mìíràn. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, bí oṣù mẹ́jọ, kó wá kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí yìnyín bá ṣí.

Ó gba ara rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn dé. Níbo ló wà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn? GPS kì í wọ inú omi òkun, nítorí pé ìgbì rédíò kì í ráyè nínú omi iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn máa ń fa ìlà tààrà láti ibi tó rì dé ibi tó yọ. Bí ẹ bá rí ìlà tó tọ́ gbọọrọ lórí àwòrán ìrìn ẹ̀rọ ní Antárktìkà, ẹ fura sí i. Òkun kì í rìn bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ ló tọ́ gbọọrọ.

Ohun tó ń rìn jìnnà nínú omi ni ìró. Ní Òkun Weddell, lẹ́bàá Antárktìkà, àwọn ará Jámánì kan náà so àwọn ẹ̀rọ tó ń ké mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń léfòó ní etí. Ẹ ronú pé ẹ wà nínú òkùnkùn, mọ́sáláṣí mẹ́ta yí yín ká, ẹ sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ mọ ìṣẹ́jú gan-an tí olúkúlùkù máa ń pe ìrun, ẹ ní aago tí kì í parọ́. Bí ìpè ti àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí yín, ẹ mọ bó ṣe jìnnà sí yín tó. Bí ti ìkejì àti ìkẹta bá dé, ibì kan ṣoṣo ni ẹ lè wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi máa bára mu. Nínú omi tútù, ìró ń rìn ní nǹkan bíi mítà 1,450 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 100, ìjìnnà rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 145. Aago ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ pé: bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo yẹ̀, ó ti ṣìnà ní kìlómítà kan ààbọ̀. Yìnyín sì ń dà á láàmú. Ní òkun gbígbóná, ìró máa ń rí ọ̀nà tí yóò tọ̀ ní ibú láìfara kan òkè. Ní òkun tútù, ńṣe ló ń tẹ̀ sókè, ó ń fara gbá abẹ́ yìnyín léraléra, ó ń fọ́n ká. Kì í jìnnà tó bó ṣe yẹ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Omi tó yí Antárktìkà ká kò rí ilẹ̀ kankan tí yóò dí i lọ́nà, ó ń yí po láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, ohun tó sì ń gbé kọjá láàárín Antárktìkà àti ìdí South America ju ti gbogbo odò ayé pa pọ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100. Nínú omi yẹn, ibi tí ooru gbà lọ ṣe kókó. Yìnyín tó ti orí ilẹ̀ Antárktìkà nà jáde sórí òkun nípọn ju mítà 100 lọ fíìfíì, ó sì dà bí ìdènà tó ń dá yìnyín orí ilẹ̀ dúró. Bí omi gbígbóná bá wọ abẹ́ rẹ̀, ìdènà náà á máa yọ́ láti ìsàlẹ̀. Yìnyín orí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìdènà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Denman, ní apá ìlà oòrùn Antárktìkà, tó láti gbé òkun ayé sókè ní mítà kan ààbọ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́. Òkun tó ń jẹ Ayétòrò ní Ìlàjẹ nílé ilé ní ọ̀pọ̀ ohun tó fà á, kì í ṣe Antárktìkà nìkan. Ṣùgbọ́n òkun kan náà ni, ẹni tó bá ti rí ibi tí ilé bàbá ẹni ti di omi kò ní ka mítà kan ààbọ̀ sí nǹkan kékeré.

Ọkọ̀ kò lè wọ abẹ́ yìnyín bẹ́ẹ̀, sátẹ́láìtì kò sì lè rí ìgbóná omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ Argo kan wọ ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ Australia ló jù ú sómi nítorí ìdènà yìnyín mìíràn tí wọ́n ń pè ní Totten. Omi gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, síbi tí wọn kò rán an. Ó wọ abẹ́ yìnyín Denman àti ti Shackleton, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi rí ojú ọ̀run. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ké níbẹ̀ tó lè gbọ́. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá gbìyànjú láti gòkè ni orí rẹ̀ ń gbá òrùlé yìnyín, ó sì ń kọ ìjìnlẹ̀ ibi tó ti gbá a sílẹ̀. Nígbà tó jáde tó sì kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn onímọ̀ mú ìjìnlẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n fi wé ohun tí sátẹ́láìtì ti wọ̀n nípa bí yìnyín ṣe nípọn sí níbì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi orí tó ń gbá òrùlé mọ ọ̀nà tó gbà.

Lábẹ́ Shackleton, omi tútù ló bá. Lábẹ́ Denman, omi gbígbóná ti wọlé.